Giramafóònù Tó Ti Dákẹ́: Ta Ló Lè Tún Un Ṣe ní Òṣogbo?

Kò sí ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ní Òṣogbo tí ẹ lè gbé giramafóònù àtijọ́ lọ lódindi, kí wọ́n sì gbé e lé yín lọ́wọ́ padà kó máa kọrin. Ẹni tó bá fọwọ́ sọ̀yà pé òun nìkan lè ṣe é láti òkè délẹ̀, ẹ rọra ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọwọ́ tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ló wà nílùú. Wọ́n kàn fọ́n káàkiri ni: lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún máṣìnì ìránṣọ ṣe, àwọn tó ń tún aago ṣe, àwọn tọ́nà tó ń fi ẹ̀rọ lọ́ irin, àti àwọn onídẹ. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má gbé gbogbo ẹ̀rọ náà fún ẹnì kankan. Ẹ mú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. A kò dárúkọ ṣọ́ọ̀bù, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ la ń yẹ̀ wò, ọ̀gá tó wà ládùúgbò kan lónìí sì lè kó lọ sí òmíràn lọ́la.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀rọ tí Thomas Edison ṣe ní 1877 kò lo àwo pẹrẹsẹ. Ohun róbótó gígùn bí agolo ló ń yí lára rẹ̀. Emile Berliner ló mú àwo pẹrẹsẹ wá ní 1887, ìyẹn náà ló sì wọlé sí ilẹ̀ Yorùbá jù. Nígbà tí iléeṣẹ́ Zonophone gba ohùn Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, orí àwo pẹrẹsẹ ni wọ́n gbà á sí. Bí tiyín bá jẹ́ ti Edison, ẹ má fi abẹ́rẹ́ irin kàn án rárá. Òkúta kékeré ló ń lò, àárín ìṣẹ́jú kan sì ti tó fún irin láti ha orin inú rẹ̀ dànù.

Èyí tí ẹ ó bá pàdé jù nínú yàrá àwọn bàbá àgbà ni àpótí onídérí tó ṣeé gbé rìn: HMV 102 (ti iléeṣẹ́ His Master’s Voice) tó jáde ní 1931, HMV 101 tó ṣáájú rẹ̀, àti ti Columbia tàbí Decca. Ìwo wọn kò yọ síta, inú àpótí ló fara pamọ́ sí. Àwọn tó ní ìwo idẹ ńlá tó ń dán gbinrin ń kọ́? Ẹ fura. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni wọ́n ń tò pọ̀ ní Íńdíà lóde òní, tí wọ́n á fi mọ́tò inú ẹ̀rọ mìíràn sí i, tí wọ́n á sì kan àwòrán ajá HMV mọ́ ọn lára. Ó dára fún ẹ̀ṣọ́ pálọ̀, kò dára fún owó àtúnṣe.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ gbé e lọ ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe, ibẹ̀ sì gan-an ni kò yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Giramafóònù kò lo iná. Kò ní wáyà, kò ní bátìrì, mítà kò sì rí nǹkan kan wọ̀n nínú rẹ̀. Sípíríǹgì ló ń yí i, gọ́fánọ̀ ló ń kó o níjàánu, afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé ohùn jáde. Ohun tí onírédíò sábà máa ń ṣe ni pé á yọ mọ́tò sípíríǹgì kúrò, á sì fi mọ́tò kásẹ́ẹ̀tì rọ́pò rẹ̀. Kò lè ṣiṣẹ́. Orí tó gbé abẹ́rẹ́ giramafóònù máa ń tẹ àwo pẹ̀lú ìwúwo tó lé ní 100 gíráàmù, nígbà tí abẹ́rẹ́ àwọn ẹ̀rọ onínáa tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kì í sábà ju gíráàmù díẹ̀ lọ. Mọ́tò kékeré yẹn á máa fà tìkọ̀tìkọ̀, orin á máa wọ́ bí ẹni tó fẹ́ sùn. Nígbà tí ẹ bá fi máa mọ̀, wọ́n ti ju mọ́tò àtijọ́ sínú àpò irin àlòkù. Onírédíò mọ iṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn tó ń tún máṣìnì ìránṣọ ṣe la fún ní ipò kìíní, a kò sì rí ẹni tó sún mọ́ wọn. Ẹ ó rí wọn níbi tí télọ̀ àti oníṣòwò aṣọ bá pọ̀ sí, ní agbègbè Ọjà Ọba àti Ìgbóná. Singer onírin dúdú tí wọ́n ń tú lójoojúmọ́ àti mọ́tò giramafóònù jọra púpọ̀: jíà kéékèèké, ihò ọ́ìlì, irin tó gbọ́dọ̀ yí láìgbọ̀n, síkúrù tí ojú rẹ̀ tín-ínrín. Wọ́n ní sukurudíráfà tó bá ojú síkúrù mu, ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n bọ́ ọ lórí. Wọ́n sì mọ̀ pé ẹ̀kán ọ́ìlì kan ti tó. Bí ẹ bá débẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó yẹ kó jáde lẹ́nu yín ni: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ì tí ì tú u o, sípíríǹgì ńlá wà nínú rẹ̀.” Máṣìnì ìránṣọ kò ní irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tó bá sì kánjú níbẹ̀ lè farapa gan-an.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí sípíríǹgì yìí díẹ̀, torí òun ló ń bàjẹ́ jù, òun náà ni wọ́n sì ń tún bàjẹ́ jù.

Irin pẹlẹbẹ tó gùn tó mítà mélòó kan ni, tí wọ́n ká sínú agolo irin. Àmì tó máa ń fi hàn nìyí. Bí ẹ bá gbọ́ ìró “gbàù” nígbà tí ẹ ń yí ọwọ́ rẹ̀, tí ọwọ́ náà wá ń yí lófìfo láìsí agbára, sípíríǹgì ti já tàbí ó ti bọ́ lórí ìkọ́. Bí ọwọ́ bá le, tí ẹ̀rọ kò sì yí, ẹ má tíì dá sípíríǹgì lẹ́bi: ẹ wo bíréèkì, ẹ wo gọ́fánọ̀, bóyá gíríìsì ti gan mọ́ ọn. Bí ó bá ń yí, àmọ́ tí ẹ ń gbọ́ “gbì, gbì” lábẹ́ orin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, gíríìsì inú agolo ló ti gbẹ bí ọ̀dà, ìká sípíríǹgì ń lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n sì ń já kúrò lára ara wọn lójijì. Ìyẹn kò nílò sípíríǹgì tuntun, fífọ̀ ló nílò.

Kí ẹnikẹ́ni tó tú agolo, agbára inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tán. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo, ẹ tú bíréèkì, ẹ jẹ́ kó yí títí yóò fi dúró fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka ti ojú tí àwo ń jókòó lé síwájú. Bó bá ṣì ń fẹ́ lọ, agbára ṣì kù. Bí gọ́fánọ̀ bá gan, tí sípíríǹgì sì kún, ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún ọ̀gá tó ti ṣe é rí. Tí wọ́n bá ṣí agolo tán, kí wọ́n kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀ láti mọ apá ibi tó ká sí, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ awọ tó nípọn àti gọ́gùlù, kí wọ́n fi àpò bo agolo náà, kí wọ́n sì máa fa sípíríǹgì jáde láti àárín ní ìká kan sí ìkejì. Ẹni tó bá gbọ̀n ọ́n jáde lẹ́ẹ̀kan náà ń wá ẹ̀jẹ̀.

Kẹrosíìnì ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe bẹntiróòlù, kí wọ́n sì nù ún gbẹ tónítóní. Gíríìsì tó yẹ ni èyí tó rọ̀, tí ìyẹ̀fun graphite (irú ohun dúdú inú pẹ́ńsù) wà nínú rẹ̀. Gíríìsì líle tí wọ́n ń fi sí ẹsẹ̀ tírélà á tún dá ariwo “gbì, gbì” yẹn padà. Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀ jálẹ̀: ìyẹ̀fun dúdú inú bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan rò pé graphite ni, nítorí ó dúdú. Manganese ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, á máa ha irin, á sì jẹ ẹ́. Àdí àgbọn àti òróró ìdáná náà kò dára. Wọ́n á gan bí oje igi lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

Sípíríǹgì tó já, ibi tó ti já ló ń sọ ohun tí ẹ ó ṣe. Bó bá jẹ́ ní etí òde, níbi tí ihò ìkọ́ wà, ó ṣeé tún ṣe. Alágbẹ̀dẹ tàbí tọ́nà á fi iná sun ìwọ̀nba etí yẹn títí á fi pọ́n, á jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀ láìbu omi sí i, á lu ihò mìíràn, á sì fi fáìlì tọ́ ọ kó rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ náà á kàn pàdánù ìyípo díẹ̀. Etí inú ṣòroó ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó gbọ́dọ̀ ká mọ́ irin àárín pinpin. Bó bá já láàárín, ó ti tán. Wẹ́dà lè jó o pọ̀, ojú rẹ̀ sì lè dán, ṣùgbọ́n iná wẹ́dà ti pa agbára irin níbẹ̀. Ó máa tún já ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó, bóyá kí orin kan tó parí. Ní ti sípíríǹgì, a kò gbà yín nímọ̀ràn láti lọ bá wẹ́dà kankan.

Tuntun ni kí ẹ bèèrè fún nígbà náà. Kò sí lọ́jà Òṣogbo. Láti Bírítéènì tàbí Íńdíà ló ti ń wá. Ẹ má kàn sọ pé “sípíríǹgì giramafóònù”. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, ìnípọn rẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ tọ́nà, gígùn rẹ̀, àti fífẹ̀ inú agolo, kí ẹ sì ya fọ́tò etí méjèèjì. Sípíríǹgì tuntun máa ń dé pẹ̀lú òrùka wáyà tó dì í mú. Bí òrùka yẹn bá bá ẹnu agolo mu, ńṣe ni wọ́n á gbé e lé ẹnu agolo, tí wọ́n á sì tì í wọlé tí òrùka á fi bọ́ sókè fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi púláyà já òrùka náà lórí tábìlì á rí ohun tí sípíríǹgì lè ṣe.

Gọ́fánọ̀ ni kí ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe, bí kò bá dá onímáṣìnì ìránṣọ lójú. Òjé tàbí idẹ kékeré mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, tí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta gbé dúró. Bí ẹ̀rọ bá ń sáré, wọ́n á ṣí síta, wọ́n á fa páànù róbótó kan mọ́ bíréèkì tí wọ́n fi awọ tàbí fẹ́ẹ̀tì bò, eré á sì dínkù. Bí irin fẹ́lẹ́ kan bá ti kán, ẹ pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, nítorí bí ìnípọn wọn kò bá dọ́gba, gbogbo rẹ̀ á máa gbọ̀n, ohùn á sì máa mì. Bí awọ bíréèkì bá gbẹ, tí ó sì ń han, ẹ̀kán ọ́ìlì máṣìnì ìránṣọ kan ló ń fẹ́. Ojú tí àwọn alágogo fi ń wo nǹkan kéékèèké ni wọ́n fi yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má fún wọn ní sípíríǹgì ńlá, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ìlì aago sínú jíà, ó ti fẹ́lẹ́ jù.

Tọ́nà ni ti ọwọ́ ìyí tó ti sọnù tàbí tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ. Òṣogbo ni iléeṣẹ́ aṣẹ̀rọ Nigeria Machine Tools wà, ẹni tó mọ ẹ̀rọ ìlọ́irin kò sì wọ́n nílùú. Ìṣòro tó máa ń yọjú lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe ti ọgbọ́n, ti ìwọ̀n ni. Síkúrù HMV jẹ́ ti ìlànà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní BA: 2BA fẹ̀ tó mìlímítà 4.7, 4BA sì jẹ́ 3.6. Síkúrù mìlímítà 4 tí wọ́n ń tà lọ́jà á kọ́kọ́ dà bíi pé ó fẹ́ wọ ihò 4BA. Bí wọ́n bá fipá yí i, ojú ihò á jẹ, ihò náà kò sì ní í gba ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ kó síkúrù àtijọ́ dání lọ, kí tọ́nà wọ̀n ọ́n lójú yín. Mọ́tò Thorens àti Paillard, tí wọ́n wá láti Switzerland, ni tiwọn jẹ́ ti mìlímítà.

Àwọn onídẹ ló yà wá lẹ́nu jù. Apá tó gbé orí abẹ́rẹ́ àti ìdí rẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, jẹ́ irin eérú tó ní sínkì nínú. Bó bá ti pẹ́, ó máa ń wú, á sán, á sì máa fọ́ wẹ́wẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jù ú lulẹ̀. Wẹ́dà kò lè jó o; á yọ́ dànù kó tó lẹ̀ mọ́ra. Gọ́ọ̀mù onípò méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ lè dì í mú bó bá jẹ́ pé ó kàn sán. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yà náà bá ti fọ́ tán, onídẹ lè fi ìda ṣe àwòrán rẹ̀, kó fi amọ̀ bò ó, kó yọ́ ìda náà jáde, kó sì da idẹ sí ààyè rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ère. Ìlú tí Àṣírù Ọlátúndé, oníṣẹ́ ọnà nì, ti fi òòlù gbẹ́ ìtàn sára irin kò ṣàì mọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nǹkan méjì ni kí ẹ sọ fún un. Idẹ máa ń sún kì díẹ̀ bó bá tutù, nítorí náà kí ìda tóbi ju ẹ̀yà àtijọ́ lọ ní ìwọ̀nba. Kí ihò inú apá náà sì dán, torí ibẹ̀ ni ohùn ń gbà kọjá. Lẹ́yìn náà ni tọ́nà á bá yín fẹ ihò rẹ̀ dé ìwọ̀n.

Bí ẹ bá wà lọ́dọ̀ onídẹ, ẹ gba ìda díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ máa nílò rẹ̀ fún orí abẹ́rẹ́.

Orí abẹ́rẹ́ yìí ni a kò rí ẹni tí a lè fọwọ́ sí ní Òṣogbo. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ ṣe é, lórí tábìlì tó mọ́, lọ́sàn-án. Nínú orí róbótó yẹn ni ojú kan wà tó fẹ́lẹ́ bí awọ gángan: máíkà (òkúta tó ń ṣí ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé) ni nínú àwọn ti àtijọ́, alumíníọ̀mù ni nínú àwọn tó dé lẹ́yìn. Rọ́bà méjì ló di ojú náà mú, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Rọ́bà yìí ló máa ń le gbagidi, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí ohùn máa han ṣàkàṣàkà. Ẹ tú síkúrù ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, èyí tó kọjú sí i lọ́hùn-ún. Ẹ fi ìka yọ rọ́bà àtijọ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ nítòsí ojú fẹ́lẹ́ náà. Rọ́bà oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn fọkanáísà ń fi sí fáàfù kẹ̀kẹ́ ológeere lè rọ́pò rẹ̀ bí ìnípọn rẹ̀ bá bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Rọ́bà dríìpù ilé ìwòsàn le jù. Ẹ gé e kí etí méjèèjì pàdé gẹ́lẹ́: bí àlàfo bá wà, afẹ́fẹ́ á jò, bí ó bá gun ara wọn, ojú náà á tẹ̀. Ojú náà kò gbọ́dọ̀ fara kan irin níbikíbi. Ní àárín rẹ̀, níbi tí irin abẹ́rẹ́ ti so mọ́ ọn, ẹ yọ́ ìda bíńtín sí i kí afẹ́fẹ́ má bàa gba ibẹ̀ jò.

Kò sí ohun tó ti ba orí abẹ́rẹ́ jẹ́ tó súpágúlù. Ó máa ń gan ohun tó yẹ kó máa gbọ̀n, ohùn á sì kú. Bí máíkà bá fọ́, ẹ wo inú áyọ́ọ̀nù oníná àtijọ́ tó ti bàjẹ́. Máíkà sábà máa ń wà níbi tí wáyà iná rẹ̀ ká sí. Ẹ yan ibi tó mọ́, tí kò sán, kí ẹ fi abẹ síláìsì rẹ̀ sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Alumíníọ̀mù tó bá ya kò ṣeé lẹ̀. Tuntun ni kí ẹ rà.

Ní ti igi àti awọ àpótí, káfíńtà tó dára á ṣe é, bí ẹ bá ti sọ fún un pé kó má fi sáńdípépà kàn án, kó má sì kun ún ní fániṣì. Ikán nìkan ni kó yẹ̀ wò dáadáa.

Ẹ má san owó iṣẹ́ tán kí ẹ tó dán an wò níbẹ̀. Ẹ gé ìwé pélébé kan, ẹ fi sábẹ́ etí àwo kó yọ síta, ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé orin, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí ìwé náà kọjá níwájú yín. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 20, 26 ló yẹ kó jẹ́, ìyẹn 78 láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí abẹ́rẹ́ wà lórí àwo ni o, torí ẹ̀rọ tó bá ń yí lófìfo máa ń yára ju bó ti yẹ lọ. Páálí onílà 77 tí wọ́n ń wò lábẹ́ gílóòbù wà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n iná 50 hertz ni wọ́n ṣe é fún. Iná jẹnẹrétọ̀ kì í dúró lójú kan, nítorí náà ìwé pélébé ló dájú jù fún wa. Kí ó kọ ojú àwo onínṣì 10 kan tán, bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta, láìwọ́. Bó bá wọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó lè jẹ́ pé agbára sípíríǹgì ti dínkù, tàbí pé ọ̀gá fún jíà kan mọ́ jù. Ẹ dá a padà fún un nígbà náà gan-an.

Ẹ dúnàádúrà owó iṣẹ́ kí wọ́n tó tú síkúrù kankan, ẹ̀yin sì ni kí ẹ máa ra ẹ̀yà. Ẹ gba gbogbo ohun àlòkù padà, títí kan sípíríǹgì tó já. Tọ́nà lè rí irin kékeré mìíràn gé lára rẹ̀.

Àwo ńkọ́? Omi àti ọṣẹ díẹ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ojú ìwé àárín rẹ̀ má tutù. Spírítì kò gbọ́dọ̀ kàn án, á yọ́ ọ, nítorí shellac, irú oje líle kan, ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ má sá a sí oòrùn. Àwo onírọ́bà ti ọdún 1960 sókè kì í ṣe fún ẹ̀rọ yìí. Abẹ́rẹ́ irin á tú orin rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Abẹ́rẹ́ máṣìnì ìránṣọ àti ìṣó kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́ giramafóònù, bó ti wù kí wọ́n jọra tó. Inú àwo shellac ní ìyẹ̀fun òkúta tó máa ń lọ ẹnu abẹ́rẹ́ títí á fi bá ojú orin mu. Bó bá kọ ojú kan tán, ẹnu rẹ̀ ti di bí abẹ, ojú kejì ló sì máa gé. Nítorí náà abẹ́rẹ́ kan fún ojú kan. Tẹ́ẹ́rẹ́ wà fún ohùn pẹ̀lẹ́, ti àárín wà, nínípọn sì wà fún ohùn tó ròkè. Ti àárín ló bá àwọn àwo Yorùbá tó ti gbó mu jù. Bí ẹ bá ń pàṣẹ sípíríǹgì láti òkè òkun, ẹ fi páálí abẹ́rẹ́ mélòó kan kún un, kí owó ìfiránṣẹ́ lè jẹ́ ẹyọ kan.